Ègé Tó Wà Nínú Àpò

Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ sáàárín títì ní Joju, ó na ọwọ́ kan sókè, ó ní kò sí ọ̀kadà tó máa kọjá níbẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ẹrẹ̀ ti ba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́, téèpù aránṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ṣa àwọn ègé páálí kéékèèké tó fọ́n ká sílẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà tó dà nù. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, wọ́n ń pariwo. Kò tilẹ̀ wojú wọn.

"Àǹtí, ṣé bàbá yín ló ni títì ni?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Bàbá mi kọ́ ló ni ín," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí o bá fi táyà tẹ ẹyọ kan nínú èyí, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún bàbá mi."

Ibi tí Fàlílù ti rí i nìyẹn. Fàlílù ń bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páálí ní Sango. Ebi ń pa á, oorun ń kùn ún, kò sì sí ohun tó ń wù ú ju ibùsùn rẹ̀ lọ. Ó yẹ kó gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀. Ó bọ́ síwájú àwọn ọlọ́kadà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀ fún wa. Ìyàwó mi ni."

Ọmọbìnrin náà gbé orí sókè. "Ìyàwó ta ni?"

"Ẹ ṣáà máa ṣa nǹkan yín," Fàlílù ní. "Tí wọ́n bá ti kọjá tán, ẹ lè kọ̀ mí sílẹ̀."

Ó fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló já mọ́ ọn lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe jọ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n jọ ń ṣa páálí nínú ẹrẹ̀. Fàlílù bi í pé kí ni nǹkan náà gan-an.

"Àwòrán ni. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Èèyàn á wá jókòó, á máa tò ó padà títí á fi di odidi."

"Àwòrán tó ti wà ní odidi tẹ́lẹ̀? Wọ́n wá gé e kí èèyàn lè jìyà tò ó padà?"

"Ẹ kọ́kọ́ dán an wò kí ẹ tó pè é ní ìyà."

Abẹ́ afárá Sango ló ti rà á lọ́wọ́ àwọn olókìrìkà, láílọ́ọ̀nù tí wọ́n dì í sí ló ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣa á tán, ó dì í sínú ìborùn rẹ̀, ó dúpẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di àwátì. Fàlílù tó ti pè é ní ìyàwó lójú gbogbo ayé kò rántí bi í ní orúkọ. Ọkùnrin!

Ìgbà tó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ nílé ló rí i pé ègé kan ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà náà. Aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, ẹrẹ̀ bò ó. Ẹlòmíràn á sọ ọ́ nù, á sùn lọ. Fàlílù fọ̀ ọ́, ó sá a sójú fèrèsé, ó ní dandan ni kí òun dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa ọmọbìnrin náà ni téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ sì kún Joju. Gbogbo ìgbà tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á máa wọ ibí, á máa jáde níbẹ̀, ègé páálí lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló ni èyí níbí?" Wọ́n á wo páálí, wọ́n á wo òun náà, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan fún un lómi mu, ó rò pé oòrùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Fàlílù mu omi náà, ó dúpẹ́, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ó yé yín: ohun tí ọmọkùnrin yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta omi inú ọ̀rá ló ti bá a, ó ń rán àpò mọ́ ṣòkòtò oníbàárà kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wá kí ẹ lè kọ̀ mí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa."

Ó gbójú sókè, ó rí ègé náà. "Níbo lẹ ti rí i? Gbogbo Joju ni mo ti wá a dé."

"Abẹ́ bàtà mi ni. Gbogbo Joju lèmi náà ti wá yín dé."

Ọmọbìnrin náà pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu àga kan. "Ẹ jókòó," ó ní. "Ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń ṣe lórí ìdúró."

Orúkọ rẹ̀ ni Ẹfúnróyè Ọ̀ṣìnúbí. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ìgbẹsà ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Fàlílù ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn tí iṣẹ́ gbé wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa to abẹ irin mọ́ ojú pákó, tí ẹ̀rọ á fi gé páálí bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

"Èmi ń gé, ìwọ ń tò," Fàlílù sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe."

"Ẹ̀yin ará Òkè Ògùn, ẹnu yín ti dùn jù."

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ńkọ́? Gààrí yín nìkan ló kan."

Ẹfúnróyè ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ń gé aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fàlílù gbé oúnjẹ wá fún un, ó sì fẹ́ gba ẹ̀yìn tábìlì kọjá. "Fàlílù, mo fẹ́ràn rẹ," ó ní. "Má gba ibẹ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀." Fàlílù dúró sójú kan pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé kò mọ èyí tó yẹ kó fèsì sí nínú méjèèjì.

Mùsùlùmí ni Fàlílù, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ẹfúnróyè, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ta ni kò ní àna ní ẹ̀gbẹ́ kejì? Ìyẹn kọ́ ni wàhálà wọn. Wàhálà wọn wà lára ògiri ní pálọ̀ àwọn Ọ̀ṣìnúbí, Ẹfúnróyè kò sì sọ ọ́ fún un. Èmi á sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ṣì kéré, bàbá Ẹfúnróyè ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan, ará Íńdíà, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fún un ní àpótí kan tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní pọ́súlù. Àtòpọ̀ ni wọ́n ń pè é nílé Ọ̀ṣìnúbí. Láti ìgbà náà, kò sí Àjíǹde, kò sí Kérésìmesì, kò sí ìsinmi tí gbogbo ẹbí wálé tí wọn kì í da àtòpọ̀ sórí tábìlì.

Ìyá ilé ló dá òfin kan sí i. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á da gbogbo ègé náà sínú àpò, á gbé àpò náà yí ká, ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan á di ojú, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á mú ẹyọ kan sínú àpò aṣọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi í síbẹ̀ àfi ìgbẹ̀yìn. Àwòrán náà kò sì lè pé láéláé tí ẹnìkan bá bínú lọ. Tí nǹkan bá pè ọ́ jáde láàárín méjì, wàá mú ègé rẹ lọ, wàá sì padà wá. Ọmọ ilé nìkan ló ń mú o. Àlejò lè bá wọn tò, àlejò kì í mú.

Àkọ́bí wọn ni Silas. Ní Àjíǹde kan, òun àti bàbá rẹ̀ jà lórí ilẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n tà kí òun lè rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Ó gbé báàgì rẹ̀ jáde lọ́sàn-án gangan, ègé rẹ̀ wà lápò ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù láti aṣálẹ̀ kan nítòsí Líbíyà. "Ìyá mi, ègé mi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú àwòrán yẹn o." Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n tú u. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àwòrán náà mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹṣin funfun kan ló wà nínú rẹ̀ lórí pápá, ihò kan sì wà léjìká ẹṣin náà. Gbogbo Ìgbẹsà ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Silas lójoojúmọ́, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ihò náà. Ìdí tí Ẹfúnróyè kò fi sọ ọ́ fún Fàlílù nìyẹn. Ó fẹ́ ní ẹnìkan láyé tí ọ̀rọ̀ Silas kò tíì bà nínú jẹ́. Gbogbo ohun tó sọ ni pé ẹ̀gbọ́n òun wà lókè òkun.

Ní Àjíǹde, ó mú Fàlílù lọ sílé. "Bàbá mi á ti fẹ́ràn rẹ kí o tó jókòó," ó sọ fún un lórí ọ̀kadà. "Ìyá mi ni kí o múra sí."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Fàlílù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Bàbá Ọ̀ṣìnúbí ní kó dìde, kó dìde, ṣé nǹkan sọnù sílẹ̀ ni. Ìyá Silas nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní. Ọmọ tó lè bí, ó ń pè é ní sà. Fàlílù mọ̀ pé iṣẹ́ wà níwájú òun.

Ìyá gbé àpò yí ká. Bàbá mú. Bùkúnmi, ẹ̀gbọ́n Ẹfúnróyè, mú, ọkọ rẹ̀ mú, àwọn ọmọ wọn mú, Ẹfúnróyè mú. Ìyá dé ọ̀dọ̀ Fàlílù, ó gbé àpò náà kọjá. "Àlejò wa á bá wa tò ó," ó ní.

Àlejò bá wọn tò ó lóòótọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣa àwọn tí ẹ̀gbẹ́ wọn tẹ́jú sọ́tọ̀, wọ́n fi wọ́n ṣe etí àwòrán. Wọ́n jà lórí ojú ọ̀run tí gbogbo rẹ̀ jọra. Ọmọ Bùkúnmi kan jókòó lé ègé òrùlé ilé inú àwòrán lórí, wọ́n wá a títí. Bàbá ní àrékérekè tirẹ̀: á fi ègé pamọ́ sábẹ́ fìlà, kó lè jẹ́ òun ló máa wá a rí nígbà tó bá ti sú gbogbo èèyàn. Gbogbo ilé mọ̀, wọ́n á sì máa kan sáárá sí i. Fàlílù rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn, kò tíì wọ ilé tí èèyàn pọ̀ yí tábìlì ká báyìí rí, ó sì fẹ́ kí wọ́n gba òun síbẹ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn, ó fẹ́ ẹ gan-an.

Láàárín gbogbo rẹ̀, ó rí Ìyá Silas tó dá dúró níwájú ògiri, tó ń fi ìka kan ra ihò tó wà léjìká ẹṣin. Ojú rẹ̀ kò dáa. Fàlílù wá rò ó nínú ara rẹ̀ pé, áà, ègé kan ló sọnù, ìyẹn ló ń dun Màmá. Òun tó sì ń gé páálí fún oúnjẹ òòjọ́ òun!

Ǹ bá wà níbẹ̀, ǹ bá gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun lẹ́yìnkùlé, ó fi bébà lé ihò náà, ó ya ìrísí rẹ̀. Níbi iṣẹ́, ó gé e, kò bá a mu, ó tún un gé. Ó kùn ún ní funfun, funfun náà mọ́ jù, ó po àwọ̀ eérú díẹ̀ mọ́ ọn. Kò sọ fún Ẹfúnróyè, torí ó fẹ́ kí òun náà rí i lójijì kí inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ kejì Iléyá, òun àti Ẹfúnróyè gbé itan àgbò lọ sí Ìgbẹsà. Bí Ìyá Silas ṣe gbé ẹran wọ ilé ìdáná, Fàlílù fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn ègé rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà. Ó bá a mu wẹ́kú. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ihò kan ti wà níbẹ̀ rí. Ó wá pe gbogbo ilé.

Ẹfúnróyè ló kọ́kọ́ wọlé, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Bàbá wọlé, ó ṣí fìlà lórí. Ìyá Silas dé gbẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹran lọ́wọ́, ó wo ògiri.

"Ta ló ní kí ẹ dí i?" ó rọra bi í.

"Mà, mo rí i pé ó ń dùn yín, mo ní kí n…"

"Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ọmọ mi ti kú ni?"

Fàlílù kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó wo Ẹfúnróyè, omi ti ń dà lójú ìyẹn.

"Silas ló ni ibẹ̀," Ìyá Silas ní. "Òun ló ń bọ̀ wá fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbé ẹran yín, sà. Ẹ má wá sí ilé mi mọ́."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn jáde sí ojú ọ̀nà, àwọn méjèèjì, ẹran wà nínú báàgì láàárín wọn. Ibẹ̀ ni Ẹfúnróyè ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tí o ò bi mí?" Ẹfúnróyè nu ojú. "Fàlílù, gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, o sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ti bínú jáde nílé yẹn. Tí ìyá mi ò bá fẹ́ rí ọ sójú, mi ò lè tẹ̀lé ọ. Mi ò ní jẹ́ ìkejì Silas."

"O ò ní jẹ́ ìkejì Silas," Fàlílù ní. "Mo máa lọ yọ ègé náà."

"Ìyá mi ò ní ṣílẹ̀kùn."

"Mo máa dúró síta títí á fi ṣí i."

Níbi iṣẹ́, wọ́n sọ fún un pé obìnrin pọ̀ ní Sango. Ẹlòmíràn gbà á nímọ̀ràn pé kó kó àwọn àgbààgbà jọ, kí wọ́n lọ bá a bẹ̀bẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Fàlílù ní rárá, ọwọ́ òun ló dí i, ọwọ́ òun ló máa tú u.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó ti wà ní Ìgbẹsà kí Ìyá Silas tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn níwájú ilé. Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Fàlílù kò dìde. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́?"

"Mà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fà á tu, á ya àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ fún yín kó má bàa ba ẹṣin jẹ́. Tí mo bá yọ ọ́ tán, tí ẹ bá ní kí n lọ, mo máa lọ."

Ìyá Silas wò ó, ó wo iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Fàlílù sọ àwòrán náà kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó rẹ àkísà sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó fi lé ègé náà lórí, ó dúró. Ó tún un rẹ. Kò gbọdọ̀ tutù jù kí àwọn tó yí i ká má wú. Oòrùn yẹ̀ kúrò lórí, Fàlílù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Silas kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó gbé àga wá.

"Irú èèyàn wo ni ìwọ ná?" ó bi í. "O kàn rí ihò, o sì dí i?"

"Bàbá mi lọ sí Kùtọnu nígbà tí mo wà ní kékeré," Fàlílù ní, kò gbójú kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. "Kò padà. Ìyá mi fún ayálégbé ní yàrá rẹ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ rán ṣòkòtò fún mi. A ò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Nílé tiwa, tí ihò bá ti ṣí, dídí la máa ń dí i. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣí àyè sílẹ̀ kó máa retí ẹni tó lọ. Ẹ dárí jì mí, mà."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó bá a di etí pákó náà mú. Fàlílù ki abẹ kékeré kan bọ abẹ́ ègé rẹ̀, ó gbé e díẹ̀díẹ̀, ó jáde ní odidi. Àwọn tó yí i ká kò ya rárá. Ihò náà ti padà.

Ìyá Silas fi ìka ra á. Ó wo ègé ayédèrú náà lọ́wọ́ Fàlílù. "O kùn ún dáadáa," ó ní.

"Ó ṣòro kùn, mà."

"Lọ jù ú sínú iná. Kí o fọwọ́, kí o wá jẹun."

Ẹ̀bà ló jẹ, ọbẹ̀ ilá ni. Ẹfúnróyè gbọ́ ọ lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi í bóyá ẹran wà nínú ọbẹ̀. Fàlílù ní méjì. "Ó ti dáríjì ọ́," Ẹfúnróyè ní.

Ìdáríjì lọ́tọ̀, ọmọ ilé lọ́tọ̀. Fàlílù ń lọ kí wọn, ó ń bá Bàbá gé igbó, ó ń bá Ìyá ru ẹrù wálé láti ọjà. Kò béèrè nǹkan kan. Ní Kérésìmesì, gbogbo ẹbí pé, Ẹfúnróyè gbé àtòpọ̀ inú ẹrẹ̀ Joju jáde, èyí tó ti fọ̀ tó sì ti sá. Ìyá Silas da á sínú àpò, ó gbé e yí ká. Bàbá mú, Bùkúnmi mú, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mú, Ẹfúnróyè mú. Fàlílù ti fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí àlejò ń dúró sí.

Ìyá Silas rìn kọjá tábìlì, ó dé iwájú rẹ̀. "Di ojú rẹ," ó ní. "Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Fàlílù di ojú, ó ki ọwọ́ bọ àpò náà. Ó mú ẹyọ kan.

Nígbà tí wọ́n tò ó dé òpin, tí kálukú ti fi tirẹ̀ síbẹ̀, ó ku ihò kan. Fàlílù na ọwọ́ síbẹ̀, Ìyá Silas dì í lọ́wọ́ mú.

"Kì í ṣe òní," ó ní. "Láti ọjọ́ tí Silas ti lọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ègé jáde nílé yìí mọ́. Àyà mi ò gbà á. Ìwọ máa gbé tìrẹ lọ. Ọjọ́ tí o bá kó àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ Ẹfúnróyè ni kí o wá fi í síbẹ̀."

"Mo máa padà wá, mà."

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀," Ìyá Silas ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ní Joju, Ẹfúnróyè gba ṣòkòtò aṣọ òkè tí Fàlílù máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdána. Ó fi ègé náà sínú àpò rẹ̀, ó rán ẹnu àpò pa, ó tún un rán.

"Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?"

"Tí a bá débẹ̀, mo máa tú u fún ọ."

Ọjọ́ pé. Àwọn ará Ìsẹ́yìn dé Ìgbẹsà nínú bọ́ọ̀sì, ìyá Fàlílù wà níwájú, ó de gèlè rẹ̀ gíga. Alága ìdúró ní kí ọkọ ìyàwó bọ́ síwájú, kó wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí ìyàwó. Fàlílù jáde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Ẹfúnróyè tó yẹ kó wà ní yàrá pẹ̀lú ìbòjú jáde wá pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó ń tú àpò ṣòkòtò ọkọ. Àwọn àgbà wo ara wọn. Òwú náà kọ̀, kò já.

"Irú òwú wo lo fi rán an?" Fàlílù rọra bi í.

"Èyí tí kò ní jẹ́ kí o sọnù," ó ní. "Má mira."

Òwú já. Fàlílù mú ègé náà jáde, ó rìn lọ síbi tí wọ́n tẹ́ àwòrán sí, ó fi í sí àyè rẹ̀. Ó ti padà wá, bó ṣe sọ. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ìyá Silas.

Obìnrin náà kò tètè ní kó dìde. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó wo àwòrán tó ti pé lórí tábìlì, ó wá gbójú sókè wo ẹṣin funfun lára ògiri, níbi tí ihò èjìká rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Ẹfúnróyè ti rí irú ìrètí bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀.

"Bàbá Silas," ó ní, ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ṣé o rí i? Wọ́n máa ń padà."